Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Tí A Gbé Kalẹ̀ Sílé: Kí Ló Ń Bà Á Jẹ́, Báwo La Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀?

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Ṣágámù, Ìperu àti Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀pọ̀ agboolé ló ní ọkọ̀ kan tí kì í ṣe ti iṣẹ́ òòjọ́. Ó lè jẹ́ Sienna, ó lè jẹ́ HiAce, ó lè jẹ́ jíìpù ńlá. Àwọn ọmọ tó ń gbé Èkó tàbí òkè òkun ló sábà máa ń rà á sílé, kí ẹbí lè rí ohun kó sí bí Ojúde Ọba bá dé, bí ìgbéyàwó bá bọ́ sí Ìbàdàn, tàbí bí wọ́n bá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ gbatẹ́gùn létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn òde, wọ́n á gbé e padà sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ ẹni lójú ni pé ọjọ́ tí a nílò ọkọ̀ náà gan-an ló máa ń kọṣẹ́. "Ṣebí a ò gùn ún ni, kí ló wá bà á jẹ́?" Ìdúró ló bà á jẹ́. Rọ́bà ń gbó, omi ń wọ inú ọ́ìlì, iná ń jò nínú bátìrì, bẹntiróòlù ń ṣá, eku ń kọ́lé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń wo mítà tó ń ka ìrìn ọkọ̀ kó tó ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tí ìwé àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi máa ń kọ nọ́ńbà méjì sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: iye ìrìn àti iye oṣù. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì ni ká tẹ̀ lé. Fún àwọn Sienna ọdún 2004 sí 2010 tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, tí wọ́n pọ̀ gan-an lára tòkunbọ̀ ọ̀dọ̀ wa, ìwé ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ní máìlì 5,000, ìyẹn bíi kìlómítà 8,000, tàbí oṣù mẹ́fà. Ẹni tó ń wakọ̀ l'Ékòó lójoojúmọ́, ìrìn ló máa kọ́kọ́ pé fún un. Ní ti ọkọ̀ abẹ́ máńgòrò, oṣù ni. Bí mẹkáníìkì bá wo mítà tó ní "kò tíì tó sáfíìsì", ìdajì ìwé ló kà.

Ojú ọjọ́ wa tún dá kún un. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Ní 2024 ó bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, ní 2025 ó bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù kan náà, nítorí Iléyá máa ń fi bí ọjọ́ 11 ṣáájú lọ́dọọdún. Èyí túmọ̀ sí pé ọkọ̀ tó dúró láti ọdún Kérésì ti la ọyẹ́ kọjá, oòrùn oṣù kẹta ti pa á, òjò sì ti ń rọ̀ sí i kí a tó wá ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Ọyẹ́ àti oòrùn ń gbẹ rọ́bà, òjò ń mú ìpẹtà àti ebu wá. Àwọn òyìnbó tó ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú ń gbé tiwọn pamọ́ nígbà òtútù, yìnyín sì ni olórí ìbẹ̀rù wọn. Tiwa kò ní yìnyín, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ilẹ̀ Ìjẹ̀bú nìkan tó ọ̀tá.

Bátìrì

Òun ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ọkọ̀ òde òní kì í sùn tán: áláàmù, aago, rédíò àti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì ń mu iná díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ohun tí wọ́n ń mu kò bá ju 50 mílíáńpù lọ (áńpù ni a fi ń wọn iná tó ń ṣàn, 1,000 mílíáńpù ló sì wà nínú áńpù kan), àwọn réwáyà gbà pé kò sí àléébù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 50 mílíáńpù fún wákàtí 24 jẹ́ áńpù-wákàtí 1.2 lójúmọ́. Bátìrì áńpù-wákàtí 60 (ìyẹn iye iná tó lè kó pamọ́) tó kún dáadáa yóò dé ìdajì láàárín ọjọ́ 25, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ̀. Tó bá fi máa pé oṣù méjì, iná inú rẹ̀ ti gbẹ.

Bátìrì tó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kì í padà sí bó ṣe wà. Ohun funfun kan máa ń le mọ́ ara àwo òjé inú rẹ̀, bó bá sì ti le tán, cháájì kì í sábà lè yọ ọ́ mọ́. Ìdí rèé tí bátìrì tuntun fi lè má pé ọdún kan nínú ọkọ̀ tí kì í rìn, nígbà tí irú rẹ̀ ń lo ọdún mẹ́ta nínú takisí. Kì í ṣe ayédèrú ni wọ́n tà fún yín nígbà gbogbo.

Ohun tó yẹ ni kí a tú irin bátìrì bí a bá mọ̀ pé ọkọ̀ yóò dúró ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi sípánà 10 tú ẹsẹ̀ tó ní àmì ìyọkúrò (−). Ẹsẹ̀ yìí ni a máa ń kọ́kọ́ tú, òun náà ni a sì máa ń dè kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ àfikún (+) lẹ kọ́kọ́ dì mú, tí sípánà sì kan ara ọkọ̀, iná á ṣẹ́ yọ, ó sì lè jó ọwọ́. Ẹni tí rédíò rẹ̀ ń béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà náà lọ́wọ́ kó tó tú u.

Mítà kékeré táwọn réwáyà ń lò yóò sọ òótọ́ fún yín. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, 12.6 fólítì túmọ̀ sí pé bátìrì kún, 12.4 jẹ́ bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2 jẹ́ ìdajì. Bó bá wà nísàlẹ̀ 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹ tanná sí ẹ́ńjìnì kí ẹ tún un wò: ó yẹ kó wà láàárín 13.7 àti 14.7. Bí kò bá dé ibẹ̀, alternator (ohun tó ń fi iná sínú bátìrì bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́) tàbí bẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni kí ẹ bojú wò, ẹ má tíì ra bátìrì. Bátìrì tó ní ọmọrí tó ń ṣí, omi tí kò ní èròjà kankan (distilled water) nìkan la ń bù sí i títí tó fi bo àwo òjé. Omi kànga, omi bọ́hóòlù àti ásíìdì kò gbọ́dọ̀ kàn án.

Bó bá di dandan pé kí a fi bátìrì ọkọ̀ mìíràn jí i, wáyà pupa á kọ́kọ́ lọ sí (+) bátìrì tó kú, ìdí kejì rẹ̀ sí (+) èyí tó yè. Dúdú á lọ sí (−) èyí tó yè, ìdí tó kù á sì wá kan irin gbalasa lára ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tó kú, níbi tó jìnnà sí bátìrì. Afẹ́fẹ́ tó ń gbiná máa ń jáde lára bátìrì, ìyẹn ni a kò ṣe fẹ́ kí iná ìkẹyìn ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Dídáná sí ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kì í ṣe ìtọ́jú

Níbí ni ọ̀pọ̀ agboolé ti ń fi inú rere ba ọkọ̀ jẹ́. Wọ́n á ní kí ọmọ kan máa dáná sí i láràárọ̀ Sátidé, kí ó gbọ̀n díẹ̀, kí ó sì pa á. Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jó nínú ẹ́ńjìnì ń bí omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná dáadáa, omi yìí á bá èéfín jáde. Bó bá ṣì tutù, díẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú bẹntiróòlù tí kò jó tán á yọ́ wọ inú ọ́ìlì, ìyókù á dúró sínú sàléńsà, á sì máa jẹ ẹ́ láti inú. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò gbé ọ́ìlì dé ibi tí omi ti ń gbẹ. Bí ẹ bá ṣí ọmọrí ọ́ìlì tí ẹ rí nǹkan funfun bí ògì lábẹ́ rẹ̀, irú omi yìí lè ni, ṣùgbọ́n kí ẹ tún yẹ omi rédíétọ̀ wò bóyá ó ń dínkù, nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Yàtọ̀ sí ọ́ìlì, ìdáná yẹn ń gba iná púpọ̀ lọ́wọ́ bátìrì, ìṣẹ́jú márùn-ún kì í sì í san gbèsè náà padà.

Ohun tó dára ni kí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì gbé ọkọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, pẹ̀lú AC ní títàn. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ lè gbà á lọ sí Àgọ́-Ìwòyè kí ẹ padà. Láti Ṣágámù, ẹ gba Ìperu kọjá sí Ìkẹ́nnẹ́. AC ṣe pàtàkì: ọ́ìlì tó ń bá gáàsì rẹ̀ rìn ló ń mú kí rọ́bà inú kọ̀npírẹ́sọ̀ rẹ̀ máa rọ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, rọ́bà náà á gbẹ, gáàsì á sì jò. Bí kò bá sí ẹni tí yóò wà á, ó sàn kí ẹ tú bátìrì kí ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ pátápátá ju kí ẹ máa dáná ìṣẹ́jú márùn-ún sí i lọ.

Nípa iye ọ́ìlì, àṣìṣe kan wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Gálọ́ọ̀nù tí a sábà ń rà gba lítà mẹ́rin. Sienna 2004 sí 2006, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 3.3 (ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó), ń gba nǹkan bíi lítà 4.7 bí a bá pààrọ̀ fíltà. Ti 2007 sí 2010, tó jẹ́ 3.5, ń gba bíi lítà 6.1. Gálọ́ọ̀nù kan kò tó fún èyíkéyìí nínú wọn, ó sì kù ju lítà méjì lọ fún 3.5. Ẹ dúró tì í, ẹ wo gééjì ọ́ìlì lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnì.

Ẹ́ńjìnì méjì yìí tún yàtọ̀ níbòmíràn. 3.3 ń lo timing belt tó jẹ́ rọ́bà (bẹ́ẹ̀tì inú tó ń mú kí àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnì máa yí pọ̀ lásìkò), máìlì 90,000 sì ni gbèdéke rẹ̀. 3.5 ń lo ṣéènì. Bí ẹ bá ra 3.3 tòkunbọ̀ tí ẹ kò mọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́ẹ̀tì náà gbẹ̀yìn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ sì kọ ọjọ́ sílẹ̀. Bó bá já lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnì á kú lójijì, ó sì lè tẹ fáàfù. Lára 3.5, páìpù ọ́ìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, ti VVT-i (ètò tó ń darí àsìkò tí fáàfù ń ṣí), tó ní abala rọ́bà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Rọ́bà náà máa ń là, ọ́ìlì á sì tú jáde tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Páìpù tó jẹ́ irin látòkèdélẹ̀ wà tí a fi ń rọ́pò rẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi tọ́ọ̀ṣì wo èyí tó wà lára tiyín.

Táyà

Bí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo kí ẹ tó kó ẹbí sínú ọkọ̀, táyà ni kí ẹ ná an sí. Ọkọ̀ tí kì í rìn, eyín táyà rẹ̀ á ṣì ga, á máa dán, ẹni tó bá wò ó á ní tuntun ni. Eyín kọ́ ni ẹ ó wò. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára ògiri táyà, nọ́ńbà mẹ́rin tó parí rẹ̀ ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí nígbà mìíràn, nítorí náà ó lè gba pé kí ẹ rákò wọ abẹ́ ọkọ̀. FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ń kìlọ̀ pé kí a má lo táyà ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é. Michelin tó ń ṣe táyà ní tirẹ̀ ní kí ẹni tó mọṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kó má sì kọjá ọdún mẹ́wàá láé. Pẹ̀lú oòrùn wa àti ẹrù tí a ń dì, ti FRSC ni àwa fara mọ́. Táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n tò sẹ́bàá títì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọjá ọdún yẹn kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí èbúté.

Èéṣe tí ìdúró fi ń gbó táyà? Wọ́n po èròjà kan mọ́ rọ́bà náà tó ń dáàbò bò ó. Bí táyà bá ń yí tó ń tẹ̀, èròjà yìí máa ń sun jáde sí ara rẹ̀. Bí kò bá yí, kì í jáde tó, ògiri táyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán wẹ́wẹ́. Afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ń jò, bíi PSI (ìwọ̀n tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) kan sí méjì lóṣù, láìsí ìṣó kankan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, táyà tó yẹ kó ní 35 lè ti bọ́ sí 25. Ẹ wá kó èèyàn mẹ́sàn-án pẹ̀lú kúlà àti ìkòkò ìrẹsì sí i, ẹ gbé e bọ́ sí títì Ṣágámù sí Benin nínú oòrùn: ògiri táyà á máa tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ooru á pọ̀ nínú rẹ̀, rọ́bà á sì yọ lára okùn irin inú rẹ̀. Bí táyà ṣe ń bẹ́ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó kéré àti ẹrù tó pọ̀ ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.

Iye afẹ́fẹ́ tó tọ́ wà lórí ìwé kékeré tó lẹ̀ mọ́ òpó ìlẹ̀kùn awakọ̀. Nọ́ńbà tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ ni òpin ohun tó lè gbà, òun kọ́ ni ká fún un. Fọkanáísà tó bá ní "ẹ jẹ́ n fi 45 sí i kó le", ẹ dá a dúró. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá ti gbóná, géèjì á fi PSI mélòó kan gòkè, kò sì yẹ kí ẹ tú afẹ́fẹ́ náà dànù.

Ẹ má gbàgbé sípéà. Abẹ́ ọkọ̀ ni ti Sienna àti HiAce máa ń wà, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń ta sí i. Ohun tó gbé e dúró máa ń pẹtà títí yóò fi há. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹ fi gíríìsì pa á, kí ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e padà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ń gbìyànjú èyí lálẹ́ lójú títì yóò jìyà.

Bíréèkì àti omi rédíétọ̀

Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 3, nígbà tó jẹ́ tuntun, kò gbọ́dọ̀ hó kó tó dé 205°C. Bó bá ti mu omi tó ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, 140°C ni gbèdéke yẹn ń já wálẹ̀ sí. Nígbà tí ẹ bá ń tẹ bíréèkì léraléra pẹ̀lú ẹrù, ooru ń lọ bá a, ó lè hó, ẹsẹ̀ yín á sì kàn wọlẹ̀ láìsí ìdádúró. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì, kì í ṣe pé kí ẹ kàn máa bu tuntun lé e. Igò tó ti ṣí láti ọdún tó kọjá kò yẹ fún un mọ́, òun náà ti mu omi.

Má fa háńbíréèkì sókè lára ọkọ̀ tó máa dúró pẹ́, páàdì tàbí ṣúù lè pẹtà mọ́ irin. Ẹ fi gíà sí P, kí ẹ fi igi tàbí bíríkì há táyà níwájú àti lẹ́yìn. Ìpẹtà pupa tín-ín-rín tó hàn lára dísìkì lẹ́yìn òjò kì í ṣe ewu, ó máa ń bó kúrò bí ẹ bá tẹ bíréèkì níwọ̀nba.

Rédíétọ̀ ni yóò kọ́kọ́ tú àṣírí lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Sún-kẹẹrẹ ni gbogbo ọ̀nà tó wọ ìlú, AC wà ní títàn, atẹ́gùn kò sì fẹ́ sí rédíétọ̀ bí i ti orí títì márosẹ̀. Fáànù nìkan ló kù láti tù ú lára. Ẹ dán fáànù wò nílé: ẹ tan AC kí ọkọ̀ wà lójú kan, ó yẹ kí fáànù yí. Kúláǹtì ni kí ẹ lò, ìdajì rẹ̀ àti ìdajì omi tí kò ní èròjà, tàbí èyí tí wọ́n ti pò tán. Omi bọ́hóòlù ń fi ẹfun sílẹ̀ nínú ihò tín-ín-rín rédíétọ̀, kò sì ní ohun tí ń dènà ìpẹtà. Bí abẹ́rẹ́ ooru bá ń gòkè nínú sún-kẹẹrẹ, ẹ pa AC, ẹ tan ooru inú ọkọ̀ sí gbígbóná jù, ẹ wá ibi tí ẹ lè yà sí. A kì í ṣí ọmọrí rédíétọ̀ tó gbóná.

Epo, eku àti ewé

Bẹntiróòlù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta. Ohun tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á fò lọ, èyí tó kù á máa di gọ́ọ̀mù tó ń dí nọ́sù. Ẹ rọ táńkì kún kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kalẹ̀, kí àyè afẹ́fẹ́ má pọ̀ nínú rẹ̀, torí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń di omi lóru. Bí epo bá ń rùn bí fáníìṣì, ẹ má dáná sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á jáde.

Eku fẹ́ràn abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń gé wáyà, wọ́n sì ń kó pòròpórò sínú àpótí fíltà afẹ́fẹ́. Ẹyọ búrẹ́dì kan tàbí egungun tó bọ́ sábẹ́ ìjókòó tó láti pè wọ́n. Ẹ gbá inú ọkọ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹ má sì jẹ́ kí koríko hù yí ọkọ̀ ká.

Ewé máńgòrò máa ń kó sí abẹ́ wáípà, níbi tí ihò omi wà. Bí ihò náà bá dí, òjò á gba ibẹ̀ wọ inú ọkọ̀, kápẹ́ẹ̀tì á rin, ebu á sì bo ìjókòó. Ẹ fọwọ́ kó ewé náà kúrò, kí ẹ bu omi síbẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń jáde nísàlẹ̀.

Bí òde bá ti kù díẹ̀

Ẹ má dúró di ọjọ́ Iléyá. Mẹkáníìkì àti àwọn tó ń ta páàtì náà wà nídìí àgbò wọn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni kí ẹ wo ọjọ́ orí táyà, kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ẹ wọn bátìrì. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ gbé ọkọ̀ rin fún wákàtí kan pẹ̀lú èèyàn nínú rẹ̀ àti AC ní títàn, kí ẹ padà wo abẹ́ rẹ̀ bóyá nǹkan ń kán. Lọ́jọ́ yẹn náà ni kí ẹ wo déètì ìwé ọkọ̀, ìnṣọ́ránsì, iná ẹ̀yìn, síìtì bẹ́ẹ̀tì gbogbo ìjókòó àti fáyà ẹ̀kítíńgúíṣà. Iye bẹ́ẹ̀tì tó wà ni iye èèyàn tí ọkọ̀ náà lè gbé, bó ti wù kí ẹbí pọ̀ tó.

Nígbà tí ẹ bá dé láti òde, ẹ rọ táńkì kún, ẹ fọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ fún táyà ní iye afẹ́fẹ́ tó wà lórí òpó ìlẹ̀kùn, ẹ há wọn ní bíríkì, ẹ tú ẹsẹ̀ (−) bátìrì. Kí ẹ wá kọ ọjọ́, iye tó wà lórí mítà àti ọjọ́ tí ọ́ìlì yóò pé oṣù mẹ́fà sórí ìwé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹni tó bá tún máa gbé e jáde yóò ti rí i.